Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Dá Kámẹ́rà Fíìmù Àtijọ́ Mọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ojúlówó

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ẹni tí kámẹ́rà fíìmù àtijọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ sábà máa ń béèrè, yálà ó jogún rẹ̀ ni, ó fẹ́ rà á ni, tàbí ó fẹ́ tà á. Orúkọ tí wọ́n fín síwájú kámẹ́rà ló rọrùn jù láti yí padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló nira. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú la ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ la máa ń kà kẹ́yìn.

Kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò?

Irú fíìmù tó ń lò. Kí ẹ tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rọra yí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà. Bó bá ń fà, tí kò yí wẹ́rẹ́, fíìmù wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì bà á jẹ́ bí ẹ bá ṣí i.

Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ fi rúlà wọn ihò onígun mẹ́rin tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé ara fíìmù. Bó bá jẹ́ mìlímítà 24 sí 36, fíìmù 135 ni, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní 35mm. Bó bá jẹ́ 18 sí 24, fíìmù kan náà ni, àmọ́ àwòrán méjì ló ń wọ àyè ẹyọ kan, bíi ti Olympus Pen. Ihò tó tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 6 tàbí 6 sí 9 sábà máa ń jẹ́ ti 120 tàbí 620. Fíìmù méjì yìí fẹ̀ dọ́gba. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká wọn sí ló yàtọ̀. Etí kẹ̀kẹ́ 620 kéré, ọ̀pá àárín rẹ̀ sì tín-ín-rín, nítorí náà kẹ̀kẹ́ 120 kì í bọ́ sínú kámẹ́rà 620 láìjẹ́ pé èèyàn fagbára tì í. Bí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ bá ṣì wà nínú kámẹ́rà yín, ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ̀rí ni.

Fíìmù máa ń sọ ọjọ́ orí. Fíìmù 120 ti wà láti 1901, 127 láti 1912. Agolo 135 tí a mọ̀ lónìí jáde ní 1934 pẹ̀lú Kodak Retina, 126 jáde ní 1963, 110 ní 1972. Bí ẹnì kan bá fi kámẹ́rà 126 hàn yín tó ní ó ti wà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí. Ẹ ṣọ́ra díẹ̀ lórí 35mm ṣá o: Leica ti ń lò ó láti 1925, inú agolo tirẹ̀ tí ayàwòrán máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kún ni.

Mo ti mọ fíìmù rẹ̀. Kí ló kàn?

Ibi tí ojú ń gbà wo àwòrán, àti bí lẹ́ǹsì ṣe ń so mọ́ ara. Bí lẹ́ǹsì méjì bá wà lórí ara wọn, kámẹ́rà onílẹ́ǹsì méjì ni, irú Rolleiflex. Bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì tí ẹ rí jígí tó dá gẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀, SLR ni, irú tí jígí ń jẹ́ kí ojú wo àwòrán gba inú lẹ́ǹsì. Bí kò bá sí jígí, tí fèrèsé kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta sì wà níwájú, rangefinder ló sábà máa ń jẹ́, irú tó ń fi fèrèsé wọ̀nyẹn wọn bí ohun tí a ń yà ṣe jìnnà tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ń lọ́ mọ́. Mìlímítà 39 ni M39, tí Leica àtijọ́, FED àti Zorki ń lò. Mìlímítà 42 ni M42, tí Praktica àti Pentax Spotmatic ń lò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà: Zenit àkọ́kọ́, Zenit-S àti Zenit-3M náà ń lo ìlọ́ 39, bẹ́ẹ̀ SLR ni wọ́n. Lẹ́ǹsì Zenit á lọ́ wọnú Leica dáadáa, àmọ́ àwòrán kò ní mọ́, torí pé láti ẹnu ìlọ́ dé ojú fíìmù jẹ́ mìlímítà 28.8 lára Leica, ó sì tó 45.2 lára Zenit. Pé lẹ́ǹsì wọlé kò fi hàn pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Níbo ni nọ́ḿbà ìdánimọ̀ wà?

Leica: lórí, lára ìbòrí òkè. Nikon F: ẹ̀yìn ìbòrí òkè, lápá òsì. Rolleiflex ti ẹ̀yìn ogun: nítòsí orúkọ rẹ̀ níwájú, lókè lẹ́ǹsì, tí lẹ́tà irú rẹ̀ bíi 2.8F sì sábà máa ń ṣáájú nọ́ḿbà náà. Hasselblad: ẹ yọ ilé fíìmù kúrò, kí ẹ wo ara lẹ́yìn.

Kámẹ́rà alápò, èyí tó ń ká pọ̀ bí ìwé, lè ní nọ́ḿbà mẹ́ta: ti ara, ti ṣọ́tà (ohun tó ń ṣí, tó sì ń tì, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara fíìmù), ti lẹ́ǹsì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bára mu, kò sì yẹ kí wọ́n bára mu. Ilé iṣẹ́ kan ló ṣe ara, Deckel ní Munich ló ṣe ṣọ́tà Compur, Zeiss tàbí Schneider ló ṣe lẹ́ǹsì. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá ọdún wọn sún mọ́ra. Lẹ́ǹsì tó fi ọdún kan tàbí méjì dàgbà ju ara lọ kò yani lẹ́nu, torí ilé iṣẹ́ máa ń ra lẹ́ǹsì pa mọ́. Lẹ́ǹsì tó fi ọdún mẹ́wàá kéré sí ara ló yẹ kó mú yín dúró.

Ṣé nọ́ḿbà náà lè sọ ọdún tí wọ́n ṣe é fún mi?

Ó lè sọ ọ́, bí ẹ bá mọ èdè tó ń sọ. Hasselblad ló rọrùn jù. Lẹ́tà méjì tó ṣáájú nọ́ḿbà ara dúró fún ọdún, ọ̀rọ̀ VHPICTURES ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: V ni 1, H ni 2, P ni 3, I ni 4, C ni 5, T ni 6, U ni 7, R ni 8, E ni 9, S ni 0. Ara tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UH jẹ́ ti 1972. RC jẹ́ ti 1985. Kodak náà ní tirẹ̀ fún lẹ́ǹsì Ektar tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà: CAMEROSITY, láti C tó jẹ́ 1 dé Y tó jẹ́ 0. Lẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EO jẹ́ ti 1946, RA jẹ́ ti 1952. Ẹ má lò ó fún Retina tó ní lẹ́ǹsì Schneider. Jámánì ni wọ́n ti ṣe ìyẹn.

Lẹ́ǹsì Canon máa ń ní àmì kékeré lẹ́yìn, bíi UR0902. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́: U fún Utsunomiya, F fún Fukushima, O fún Oita. Lẹ́tà kejì ni ọdún. A jẹ́ 1960, B jẹ́ 1961, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Z tó jẹ́ 1985, A sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Nítorí náà R jẹ́ 1977 tàbí 2003. Irú lẹ́ǹsì náà ló máa sọ èyí tó jẹ́. Oṣù ló tẹ̀ lé e, 09 níhìn-ín, ìyẹn oṣù kẹsàn-án.

Lára Kiev, nọ́ḿbà méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ọ̀pọ̀ Zorki àti Zenit láti àárín àwọn ọdún 1950. Ìmọ̀ yìí ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Nikon F. Nọ́ḿbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 6400001 ní ọdún 1959, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú 1964. Ẹni tó bá kọ "Nikon F ti 1964" sórí ọjà nítorí 64 tó rí kò tíì dá kámẹ́rà yẹn mọ̀.

Ti Leica, àkójọ nọ́ḿbà wà, àmọ́ ilé iṣẹ́ máa ń pín nọ́ḿbà sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí wọ́n tó ṣe kámẹ́rà. Ọdún tí ẹ bá rí nínú àkójọ lè fi ọdún kan yàtọ̀ sí ìgbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹ lò ó láti mọ *irú* kámẹ́rà tó yẹ kí nọ́ḿbà yẹn jẹ́. Ibẹ̀ ló ti wúlò jù.

Kò ní nọ́ḿbà rárá ńkọ́?

Bó bá jẹ́ kámẹ́rà àpótí olówó pọ́ọ́kú bíi Brownie, kò burú, ọ̀pọ̀ wọn kò ní. Bó bá jẹ́ Leica, Nikon tàbí Rolleiflex, ẹ tẹ́ ojú ibi tó yẹ kí nọ́ḿbà wà sínú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí irin ibẹ̀ bá rì díẹ̀ tàbí tó dán ju àyíká rẹ̀ lọ, wọ́n ti ha á kúrò.

Fún èyí tí kò ní nọ́ḿbà, ẹ wo ìlà ìyára ṣọ́tà. Ìlà 1, 2, 5, 10, 25, 50, 100, 250 jẹ́ ti àtijọ́. Ìlà 1, 2, 4, 8, 15, 30, 60, 125 ló rọ́pò rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Ihò wáyà fíláàṣì lára ṣọ́tà, tó ní àmì X àti M, sábà máa ń fi ẹ̀yìn ogun hàn, bí kì í bá ṣe pé wọ́n fi í kún un lẹ́yìn náà.

Kí ni D.R.P., "Occupied Japan" àti àwọn àmì bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí?

D.R.P. jẹ́ ẹ̀tọ́ àwárí ìjọba Jámánì àtijọ́, D.R.G.M. sì jẹ́ ìforúkọsílẹ̀ àwòṣe tó kéré sí i. D.B.P. jẹ́ ti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí náà ẹ̀yìn ogun ni. "Germany US-Zone" jẹ́ ti àsìkò tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣì ń ṣàkóso apá ibẹ̀. "Made in Occupied Japan" bọ́ sáàárín 1947 sí 1952. Àmì EP nínú igun mẹ́rin tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan jẹ́ ti kámẹ́rà Japan tí wọ́n tà fún àwọn ológun Amẹ́ríkà láìgba owó orí. Ìlẹ̀mọ́ aláwọ̀ wúrà tó sọ pé PASSED wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ kámẹ́rà wò ní Japan kí wọ́n tó kó o lọ sí òkè òkun. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ó ti bọ́ ni; kò sọ kámẹ́rà di ayédèrú.

Orúkọ tèmi kò sí nínú ìwé kankan, àmọ́ ó jọ èyí tí mo mọ̀. Ṣé ayédèrú ni?

Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kan náà máa ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta ní ọjà mẹ́ta. Minolta XD ní Japan ni XD-7 ní Yúróòpù, òun náà ni XD-11 ní Àríwá Amẹ́ríkà. Nikkormat ń jẹ́ Nikomat nílé. Asahi Pentax di Honeywell Pentax ní Amẹ́ríkà. Minolta 7000 ti 1985 ń jẹ́ Maxxum níbẹ̀, ó sì ń jẹ́ α-7000 ní Japan. Olympus OM-1 ní orúkọ àbíkẹ́yìn: M-1 ni nígbà tó jáde ní 1972, wọ́n yí i padà lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Leitz, tó ń ṣe Leica, ṣàríwísí. Èyí tí M-1 ṣì wà lórí rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, torí náà ẹ wò ó bóyá irinṣẹ́ ti kan sukúrù ìbòrí òkè rí. Ìbòrí lè jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, kí ara jẹ́ ti àbúrò.

Báwo ni mo ṣe máa ya àwọn tó jọra sọ́tọ̀?

Ohun kékeré kan ló máa ń yà wọ́n. Nikon FM2 ti 1982 ní X200 lórí kẹ̀kẹ́ ìyára fún fíláàṣì. FM2n tó tẹ̀ lé e ń lo 1/250, lẹ́tà N sì ṣáájú nọ́ḿbà rẹ̀ lẹ́yìn. Yashica Electro 35 GSN ní ojúkò iná láàárín ibi tí fíláàṣì ń wọ̀ lórí. GS kò ní. Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 dé 1997, bẹ̀rẹ̀ ní Japan, ó bọ́ sí Hong Kong, ó parí sí China. Èyí tó ní ọ̀rọ̀ Asahi lórí ló dàgbà jù.

Rolleiflex: ẹ wo òrùka ìta lẹ́ǹsì tí àlẹ̀mọ́ gíláàsì ń há mọ́. Bay ni wọ́n ń pe ìwọ̀n òrùka náà. Rolleicord, Rolleiflex T àti Automat 3.5 onílẹ́ǹsì Tessar tàbí Xenar ń lo Bay I. 3.5E àti 3.5F ń lo Bay II. 2.8C dé 2.8F ń lo Bay III. Àlẹ̀mọ́ kan ṣoṣo tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lè parí àríyànjiyàn.

Ìdílé Leica onílọ́ ló gba sùúrù jù. Bí kò bá sí fèrèsé rangefinder, Leica I tàbí Standard ni. Bí fèrèsé bá wà ṣùgbọ́n tí kò sí kẹ̀kẹ́ kékeré níwájú fún ìyára tó lọ́ra, II ti 1932 ni ẹ máa kọ́kọ́ rò. Bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá wà, ẹ ti bọ́ sínú ìdílé III. III ti 1933 parí sí 1/500, IIIa ti 1935 dé 1/1000. IIIb sún ojú ihò ìwòran méjèèjì lẹ́yìn mọ́ra, èyí tó jìnnà síra lára IIIa. IIIc fi nǹkan bíi mìlímítà 3 gùn ju IIIb lọ, ìbòrí òkè rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. IIIf ti 1950 ní òrùka nọ́ḿbà fíláàṣì lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ìyára, dúdú ni ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di pupa lẹ́yìn náà.

Mo rí Leica tó ní àmì Luftwaffe (ọmọ ogun òfuurufú Jámánì) tàbí "Olympiade 1936", òmíràn jẹ́ aláwọ̀ wúrà. Ṣé ojúlówó ni?

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, FED tàbí Zorki ni wọ́n tún ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Láti 1934 ni wọ́n ti ń ṣe FED ní Kharkov, wọ́n sì fi Leica II ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀ gan-an. Zorki tẹ̀ lé e ní Krasnogorsk ní 1948. Wọ́n ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ló fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú kò nílò ju kó ha orúkọ àkọ́kọ́ kúrò, kó fín tuntun, kó sì fi wúrà tàbí ọ̀dà bò ó.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ wo inú ẹnu ìlọ́ lápá òkè. Apá kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì máa ń tì. Lára Leica, kẹ̀kẹ́ roboto kékeré tó ń yí ló wà lórí apá yẹn. Lára FED àti Zorki, irin pẹlẹbẹ tó ṣe ṣóńṣó bí èèkánná ni, kì í yí. Ẹni tó ń fín àmì kì í sábà dé ibẹ̀, torí yíyí i padà gba ìmọ̀ àti owó tó ju èrè rẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo yìí ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ wá ṣí ìdí rẹ̀. Leica ní Auf àti Zu lára kọ́kọ́rọ́ ìdí, ìyẹn ṣí àti tì lédè Jámánì, tàbí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára èyí tí wọ́n kó lọ sókè òkun. Bí ẹ bá rí lẹ́tà Rọ́ṣíà nínú tàbí níta, tàbí àpá ibi tí wọ́n ti ha nǹkan kúrò, ọ̀rọ̀ ti parí. Bọ́tìnnì ṣọ́tà náà ń sọ̀rọ̀: lára Leica, òrùka tó ṣe é lọ́ kúrò ló yí i ká, ti FED sábà máa ń wà láìní irú òrùka bẹ́ẹ̀. Lẹ́ǹsì tí wọ́n fín Elmar, orúkọ lẹ́ǹsì Leica, sí lè jẹ́ Industar-22 ti Sófíẹ̀tì. Aperture Elmar, ihò tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, wà láàárín gíláàsì àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ti Industar wà lẹ́yìn ìkejì, ó jìn sínú díẹ̀ sí i.

Kẹ́yìn ni kí ẹ tó wá ka nọ́ḿbà. Nọ́ḿbà tí ayédèrú ń gbé sábà máa ń jẹ́ ti irú Leica mìíràn nínú àkójọ, nígbà míì ti kámẹ́rà tí kò tilẹ̀ ní rangefinder. Ti wúrà ńkọ́? Leitz ṣe Leica I Luxus aláwọ̀ wúrà díẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920, kò tó ọgọ́rùn-ún. Kò ní rangefinder nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Èyí tó ní fèrèsé mẹ́ta níwájú, tí awọ ejò sì bò ó, tí wọ́n ń tà ní iye tí kò tó ti bàtà, kì í ṣe òun.

FED ojúlówó tí kò jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn dára gan-an, ó sì ń ya àwòrán. Èyí tí wọ́n kùn ni wọ́n bà jẹ́.

Contax àti Kiev ńkọ́?

Èyí le ju ti Leica lọ, torí pé Kiev kì í ṣe àwòkọ. Lẹ́yìn ogun, ohun èlò ilé iṣẹ́ Contax ti Zeiss Ikon ló lọ sí Sófíẹ̀tì, Kiev sì jáde ní ọdún 1947 pẹ̀lú ara Contax II ti 1936. Ẹ má retí ìyàtọ̀ nínú ìgbékalẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ: nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 56 tàbí 61 lára "Contax" ti ṣáájú ogun jẹ́ àmì Kiev. Ẹ wo lẹ́ǹsì, bóyá Jupiter-8 ti Sófíẹ̀tì ni tàbí Sonnar ti Zeiss. Ẹ sì wo awọ ẹ̀yìn, bóyá orúkọ Zeiss Ikon tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ṣì rinlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọ̀dà dúdú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́?

Ìbéèrè yìí ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù, torí pé dúdú ṣọ̀wọ́n ju fàdákà lọ lára Leica M3 àti àwọn mìíràn, owó rẹ̀ sì lè ga ju ti fàdákà lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Ọ̀dà ilé iṣẹ́ lára àwọn yìí wà lórí idẹ tààrà. Níbi tí ọwọ́ ti ń gbá a, ní igun, ní etí, lábẹ́ okùn, idẹ pupa rẹ́súrẹ́sú á yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú dúdú. Bó bá jẹ́ pé fàdákà ló kọ́kọ́ yọ lábẹ́ dúdú kí idẹ tó yọ, kíróòmù ni wọ́n kùn lé. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń bó kíróòmù kúrò kó tó kùn ún, ẹ̀tàn yẹn kò ní hàn níbẹ̀. Ojú lẹ́tà ni yóò ti hàn. Bíbó àti dídán máa ń jẹ etí ohun tí wọ́n fín. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ mú ṣáṣá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, funfun tó wà nínú rẹ̀ sì dúró sójú kan. Lẹ́tà tí wọ́n tún kùn máa ń rọ̀ létí, ọ̀dà dúdú á ti dí igun rẹ̀, funfun á sì ya kọjá ààlà. Ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ìlọ́po 10 ti tó.

Ibi tí alágbàkùn ń gbàgbé: abẹ́ ọwọ́ tí a fi ń wa fíìmù síwájú, abẹ́ ibi tí fíláàṣì ń wọ̀, inú ihò sukúrù, etí ìdí tó ń wọnú ara. Ọ̀dà tó kún ihò sukúrù jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n kùn ún lẹ́yìn tí wọ́n tò ó tán. Gbígbó rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́gbọ́n mu. Bí idẹ bá yọ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́nà kan náà, tí bọ́tìnnì ṣọ́tà tí ìka ń tẹ̀ lójoojúmọ́ sì wà bí tuntun, sáńdípépà ló gbó o.

Fún Leica M dúdú, ẹ wò ó bóyá nọ́ḿbà náà bọ́ sínú ọ̀wọ́ tí a mọ̀ pé dúdú ni wọ́n ṣe. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹni tó ń tà á ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

Nọ́ḿbà sọ pé 1927, ara rẹ̀ jọ ti 1935. Ta ló ń purọ́?

Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó purọ́. Leitz fúnra rẹ̀ máa ń gba Leica I láti ọwọ́ oníbàárà, á sọ ọ́ di II tàbí III, á sì fi nọ́ḿbà àtijọ́ sílẹ̀. IIIc tí wọ́n sọ di IIIf pọ̀. Leica M3 àkọ́kọ́ ń wa fíìmù síwájú ní ìfà méjì. Wọ́n ti yí òmíràn sí ìfà kan nígbà àtúnṣe. Gíláàsì ni àwo tó ń tẹ fíìmù lára M3 ìbẹ̀rẹ̀, ó di irin lẹ́yìn náà. Bí tiyín bá jẹ́ irin pẹ̀lú nọ́ḿbà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ojúlówó ni kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí ní ipò tó jáde. Ẹ sọ méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Ṣé lẹ́ǹsì tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n bí i mọ́?

Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, kò sí ọ̀nà láti mọ̀ ju pé ọdún méjèèjì bára mu. Àwọn kan yàtọ̀. Leica ìbẹ̀rẹ̀ tó ń yọ lẹ́ǹsì ní ìlọ́ tí kò bára dọ́gba, wọ́n ń so lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan mọ́ ara kan. Nígbà tí ìlọ́ di ọ̀kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fín odo, 0, sí etí ẹnu ìlọ́. Ilé fíìmù Hasselblad náà ní èyí: nọ́ḿbà mẹ́ta tó wà lára inú tí a ń fà jáde gbọ́dọ̀ bá mẹ́ta tó kẹ́yìn lára ìta mu. Bí kò bá bá a mu, àdàlù ni, ó sì lè mú kí àlàfo àárín àwòrán má dọ́gba.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn lẹ́ǹsì. Ohun tó tàn ká bí òwú aláǹtakùn jẹ́ fọ́ńgọ̀sì. Ìkùukùu funfun lè jẹ́ òróró tó gbẹ. Òṣùmàrè létí fi hàn pé gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ti ń já. Ẹ wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà. Zeiss ló ṣàwárí ìbòjú gíláàsì ní 1935, ẹ̀yìn ogun ló sì di ti gbogbo ayé. Lẹ́ǹsì 1933 tó ń ta àwọ̀ búlúù ni wọ́n bò lẹ́yìn náà, ó sì wọ́pọ̀. Òrùka iwájú tí orúkọ wà lára rẹ̀ máa ń lọ́ kúrò. Bí ó bá dán tí gbogbo ara tó kù gbó, ẹ bi í léèrè ibi tó ti wá.

Wọ́n ti pààrọ̀ awọ ara rẹ̀ àti fóòmù ẹ̀yìn. Ó ti bà jẹ́ nìyẹn?

Fóòmù kò jẹ́ nǹkan. Ó máa ń di ọ̀dà gọ́ọ̀mù dúdú lẹ́yìn ogún ọdún, ó sì gbọ́dọ̀ kúrò kó tó lẹ̀ mọ́ ṣọ́tà. Awọ ni ọ̀rọ̀. Vulcanite, rọ́bà líle tí wọ́n fi bo ara Leica, máa ń gbẹ, á sì máa já wẹ́wẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo etí tó yí ẹnu lẹ́ǹsì ká: ti ilé iṣẹ́ bá irin mu láìsí àlàfo, ti àwọn tó gé e fúnra wọn máa ń fi ìlà irin sílẹ̀. Ẹ má bó èyí tó wà níbẹ̀ kí ẹ lè mọ̀. Bí ẹ bá bó o, ìbéèrè náà ti dópin.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé wọ́n ti ṣí i rí?

Ojú sukúrù. Ẹnu tó já, tàbí èyí tó ń dán láàárín àwọn tó ti di dúdú, jẹ́ àpá irinṣẹ́. Lára Leica M3, sukúrù òkè pátápátá ní ẹnu lẹ́ǹsì ní ìda tí wọ́n tẹ L sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan ti ṣí iwájú rẹ̀. Ṣíṣí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kámẹ́rà ọgọ́ta ọdún tí wọn kò ṣí rí sábà máa ń lọ́ra.

Ṣé mo lè nù ún, kí n sì dán an wò kí n tó fi hàn ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a fi ń dán idẹ á jẹ ọ̀dà inú lẹ́tà lọ. Ẹ má fín epo sínú ṣọ́tà tó há. Epo á tàn ká ewé rẹ̀, á sì há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lára Zorki, FED àti Kiev, ẹ kọ́kọ́ wa ṣọ́tà síwájú kí ẹ tó yí kẹ̀kẹ́ ìyára, torí yíyí i ṣáájú lè ba eyín inú rẹ̀ jẹ́, pàápàá lára èyí tó ní ìyára tó lọ́ra.

Àwòrán wo ni kí n yà fún ẹni tó máa dá a mọ̀?

Iwájú, òkè tààrà, ẹ̀yìn tí a ṣí, ìdí, inú ẹnu lẹ́ǹsì lẹ́yìn tí a yọ lẹ́ǹsì, ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, àti nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ní ìtòsí. Ẹ lo ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì. Fíláàṣì máa ń pa àpá ìfín rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé nígbà tí ẹ bá ń ya lẹ́tà. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán kan ó kéré tán, kí mìlímítà 3 tó ya IIIb sọ́tọ̀ sí IIIc lè hàn.